Nígbà Tí Ẹjọ́ Ikú Bá Kan Òfin Ìpìlẹ̀: Ohun Tí Ó Ń Yí Ìdájọ́ Padà Nílé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn

Ẹ̀yin àgbà agbẹjọ́rò, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ wúwo, nítorí náà n kò ní fa ìkíni gùn.

Nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn, tí ẹni náà sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, oríṣi ìbéèrè méjì ni ó lè gbé síwájú àwọn adájọ́. Èkínní ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: ṣé lóòótọ́ ni ó ṣe ohun tí wọ́n fi kàn án, ṣé ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ tó, ṣé adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà tẹ̀lé ìlànà? Èkejì yàtọ̀ sí èyí pátápátá, nítorí pé kì í ṣe bóyá wọ́n tẹ̀lé òfin ni ó ń béèrè, bí kò ṣe bóyá òfin tí wọ́n tẹ̀lé náà bá òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè mu. Ẹni tí ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ lè ti jẹ́wọ́ pé òun jẹ̀bi, kí ó sì máa sọ síbẹ̀ pé ìjọba kò ní àṣẹ láti pa òun, tàbí pé kò ní àṣẹ láti pa òun lọ́nà tí wọ́n gbé e gbà, tàbí pé àkókò tí wọ́n fi dá òun dúró ti pọ̀ débi tí pípa òun fi di ìwà ìkà.

Orí ìbéèrè kejì yìí ni n óò dúró sí. Ohun tí mo rí nínú àwọn ẹjọ́ tí ó ti wáyé ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni pé àwọn tí ó kọjú ìjà sí ìjìyà ikú fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fìdí rẹmi, nígbà tí àwọn tí ó kọjú sí bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ mú un ṣẹ, ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Agbẹjọ́rò tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò lo gbogbo agbára rẹ̀ níbi tí kò sí ọ̀nà, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ó le jù. Abala 33(1) nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé olúkúlùkù ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, àti pé a kò gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ gbólóhùn náà kò parí síbẹ̀. Ó yọ ìgbà kan sílẹ̀, èyíinì ni ìgbà tí a bá ń mú ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ṣẹ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn tí a ti dá ẹni náà lẹ́bi rẹ̀ ní Nàìjíríà. Abala tí ó tẹ̀ lé e, 34(1)(a), ni ó wá sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró, a kò sì gbọ́dọ̀ hu ìwà tí kò yẹ ọmọ ènìyàn sí i tàbí kí a tẹ́ ẹ lógo. Ó rọrùn fún agbẹjọ́rò láti di abala kejì yìí mú kí ó sì béèrè pé ìwà wo ni kò yẹ ọmọ ènìyàn tó kí ìjọba so okùn mọ́ ènìyàn lọ́rùn.

Ohun tí wọ́n béèrè gan-an nìyẹn nínú ẹjọ́ Onuoha Kalu àti ìjọba, tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ní ọdún 1998. Ìwé òfin ọdún 1979 ni ẹjọ́ náà dá lé, ṣùgbọ́n bákan náà ni ọ̀rọ̀ abala méjèèjì rí nínú rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ẹni tí ó pe ẹjọ́ tọ́ka sí ìdájọ́ tí Gúúsù Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nígbà náà, wọ́n sì rọ àwọn adájọ́ pé kí wọ́n tẹ̀ lé e. Àwọn adájọ́ kò gbà. Ìwé kan náà, ni wọ́n rò, kò lè fi abala kan fàyè gba ìjọba láti pa ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, kí ó sì tún fi abala kejì gba àyè náà padà. Àwọn kan ti bínú sí ìdájọ́ yìí gan-an. Lójú tèmi, àwọn adájọ́ kò ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú ìwé tí a gbé lé wọn lọ́wọ́, àwọn tí ó kọ ìwé náà ni ó yẹ kí ìbínú yẹn lọ bá.

Ìdí tí ìdájọ́ Gúúsù Áfíríkà fi yàtọ̀ kò fara pamọ́. Ìwé òfin onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sọ pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ó sì fi ẹnu tì í síbẹ̀, láìyọ ohunkóhun sílẹ̀. Àwọn tí ó jókòó kọ ọ́ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìjìyà ikú, nítorí náà wọ́n fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ fún ilé-ẹjọ́ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún òfin ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1995, nínú ẹjọ́ ìjọba àti Makwanyane, àwọn adájọ́ mọ́kànlá fohùn ṣọ̀kan pé ìjìyà ikú fún ìpànìyàn kò bá òfin ìpìlẹ̀ mu, olúkúlùkù wọn sì kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ó fẹ́ kí a máa pa apànìyàn. Arthur Chaskalson, tí ó jẹ́ olórí ilé-ẹjọ́ náà, gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ ni yóò máa pinnu irú ọ̀ràn yìí, a kò nílò ilé-ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ rárá, nítorí pé àwọn tí ìlú kò fẹ́ràn ni òfin ìpìlẹ̀ wà láti dáàbò bò ju ẹnikẹ́ni lọ.

Tànsáníà ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ní ọdún 1994, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga kan níbẹ̀ sọ pé ìjìyà ikú lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn adájọ́ ibẹ̀ gbà pé ìwà ìkà ni lóòótọ́, wọ́n gbà pé ó ń tẹ́ ènìyàn lógo, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé abala mìíràn nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn fàyè gba òfin tí ó bá dín ẹ̀tọ́ ènìyàn kù fún ire gbogbo ìlú. Ẹni tí ó pe ẹjọ́ jàre nínú àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ikú kò kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìjà tí a bá dojú rẹ̀ kọ ìjìyà ikú fúnra rẹ̀ kì í kọjá ohun tí ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin bá gbà. Bí ìwé náà bá ti sọ pé ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ ikú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ẹjọ́ náà ti parí. Àmọ́ pé òfin ìpìlẹ̀ fàyè gba ìjìyà ikú kò túmọ̀ sí pé ó fàyè gba gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi í jẹ ènìyàn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ikú ọ̀ranyàn ti wọlé, òun ni mo sì kà sí ọ̀nà tí ó gbòòrò jù.

Ìdájọ́ ikú ọ̀ranyàn ni èyí tí òfin kò fún adájọ́ ní yíyàn kankan lórí rẹ̀. Abala 319(1) nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá pànìyàn, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni òfin ìdigunjalè sọ fún ẹni tí ó bá gbé ìbọn jalè. Bí adájọ́ bá ti sọ pé ẹni náà jẹ̀bi, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì síwájú, bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti ń lù láti ọdún mẹ́wàá, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ṣẹ̀ láyé rẹ̀, kò sí èyí tí adájọ́ lè fi ṣe nǹkan kan. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nínú ìdájọ́ ọ̀ranyàn, wọ́n gbọ́ ti ẹlẹ́ṣẹ̀ lórí bóyá ó ṣẹ̀, ṣùgbọ́n lórí bóyá ó yẹ kí ó kú, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè.

Orí èyí ni ilé-ẹjọ́ púpọ̀ ti bá àwọn olùpẹ̀jọ́ fohùn ṣọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti kọ́kọ́ dá gbogbo ìdájọ́ ikú dúró ní ọdún 1972 nínú ẹjọ́ Furman, nítorí pé wọ́n ń fi í fún ẹni tí ó bá ṣáà bọ́ sí i, láìsí ìlànà tí ó dúró. Àwọn ìpínlẹ̀ kan rò pé ojútùú rẹ̀ ni kí gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà máa kú láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1976 ni ilé-ẹjọ́ náà dá wọn lóhùn: ó gba òfin tuntun ti Georgia wọlé nínú ẹjọ́ Gregg nítorí pé ó fún àwọn tí ń dájọ́ ní ìlànà láti gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, ó sì fagi lé ti North Carolina nínú ẹjọ́ Woodson nítorí pé ọ̀ranyàn ni. Íńdíà ṣe ohun tí ó jọ ọ́ ní ọdún 1983 nínú ẹjọ́ Mithu, níbi tí òfin ti sọ pé ẹni tí ń ṣẹ̀wọ̀n gbére tí ó bá pànìyàn gbọ́dọ̀ kú. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ nínú ẹjọ́ Bachan Singh pé ìjìyà ikú kò lòdì sí òfin ìpìlẹ̀, bí wọ́n bá fi mọ sórí àwọn ọ̀ràn tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ láàárín àwọn tí ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì, àwọn adájọ́ fi ìjìyà náà sílẹ̀, wọ́n sì yọ ọ̀ranyàn kúrò lára rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ Privy Council tí ó wà ní London, tí ó ṣì jẹ́ ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Caribbean, ṣe bẹ́ẹ̀ fún Belize ní ọdún 2002 nínú ẹjọ́ Reyes. Láti ibẹ̀ ni èrò náà ti kọjá sí Áfíríkà. Màláwì gbà á ní ọdún 2007 nínú ẹjọ́ Kafantayeni, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Ùgáńdà gbà á ní ọdún 2009 nínú ẹjọ́ tí Susan Kigula àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mìíràn tí ó ju 400 lọ jọ pè, ti Kẹ́ńyà sì gbà á ní ọdún 2017 nínú ẹjọ́ Muruatetu. Ohun tí ó yẹ kí agbẹjọ́rò Nàìjíríà fi ojú sí ni pé ìwé òfin ìpìlẹ̀ Màláwì àti ti Ùgáńdà yọ ìdájọ́ ikú sílẹ̀ lára ẹ̀tọ́ ìyè gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe yọ ọ́. Ilé-ẹjọ́ Ùgáńdà sọ bákan náà bí ìdájọ́ Kalu ṣe sọ, pé ìjìyà ikú fúnra rẹ̀ kò lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ọ̀ranyàn ni ó fagi lé, ó ní kò sí ìgbẹ́jọ́ òdodo níbi tí a kò ti gbọ́ ohun tí ẹni tí a ó pa ní í sọ nípa ìjìyà rẹ̀, àti pé aṣòfin ti gba iṣẹ́ adájọ́ ṣe nígbà tí ó ti pinnu ìjìyà sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Abala 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà náà sọ ti ìgbẹ́jọ́ òdodo. Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé ìdájọ́ Kalu kò ti gbogbo ilẹ̀kùn, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń rò.

Síbẹ̀, ìwé òfin lè dènà ọ̀nà yìí pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Caribbean ń gba òmìnira, a fi abala kan sínú òfin ìpìlẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn pé òfin tí ó ti wà láti ayé àwọn amúnisìn kò ní di òfo nítorí pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sílẹ̀. Abala tí wọ́n pète láti fi mú kí nǹkan máa lọ déédéé nígbà ìyípadà ìjọba wá di ohun tí ó ń ṣọ́ okùn òǹdè. Ní ọdún 2004, adájọ́ mẹ́sàn-án ni ó jókòó ní Privy Council lórí ọ̀ràn Barbados àti Trinidad, márùn-ún sì ni ó borí mẹ́rin pé abala náà dáàbò bo ìdájọ́ ọ̀ranyàn. Lẹ́yìn ìgbà tí Barbados ti gbé ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ kúrò ní London lọ sí Ilé-ẹjọ́ Caribbean, àwọn adájọ́ tuntun yìí yí i padà ní ọdún 2018 nínú ẹjọ́ Nervais. Trinidad dúró sí London, nígbà tí ó sì tún béèrè ní ọdún 2022 nínú ẹjọ́ Chandler, ìdáhùn àtijọ́ ni ó gbà: ìjìyà náà rorò, ó ṣàjèjì, ṣùgbọ́n aṣòfin ìlú ni ó lè yọ ọ́ kúrò. Òkun kan náà ni ó yí erékùṣù méjèèjì ká, ọ̀rọ̀ òfin wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ibi tí a gbé ẹjọ́ lọ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ti ìdúró. Ní Jàmáíkà, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún àwọn ọkùnrin méjì, Pratt àti Morgan, ní ọdún 1979. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka ìwé àṣẹ ikú sí wọn létí, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí yàrá tí ó sún mọ́ igi ìyẹgi, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n sì dá wọn padà. Nígbà tí ọ̀ràn wọn dé Privy Council ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, ó ti ju ọdún mẹ́rìnlá lọ tí wọ́n ti ń retí ikú. Adájọ́ méje ni ó gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ pé kíkó ènìyàn sí ẹnu ikú fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìfìyàjẹni tí kò yẹ ọmọ ènìyàn, àti pé bí ọdún márùn-ún bá ti kọjá lẹ́yìn ìdájọ́ láìmú un ṣẹ, ìdí tí ó lágbára wà láti gbà pé ó ti di bẹ́ẹ̀. Ùgáńdà kúrú ju èyí lọ: nínú ẹjọ́ Kigula, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn bá ti fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ni wọ́n fún ìjọba, lẹ́yìn ìyẹn ó di ẹ̀wọ̀n gbére. Íńdíà kọ̀ láti dá iye ọdún kan pàtó, ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Shatrughan Chauhan, ilé-ẹjọ́ wọn sọ ìdájọ́ ikú ẹlẹ́wọ̀n 15 di ẹ̀wọ̀n gbére, pàápàá nítorí pé ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn pẹ́ jù ní ọ́fíìsì ìjọba.

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí a fún ní ìdáhùn, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ńlá ni ó ti wá. Clarence Thomas ti ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 1999 pé kò bójú mu kí ẹlẹ́wọ̀n lo gbogbo ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ó wà, kí ó sì wá máa ráhùn pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pa òun. Ilé-ẹjọ́ náà kò sì tíì gba àwíjàre ìdúró yìí wọlé rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé John Paul Stevens, tí òun náà jẹ́ adájọ́ níbẹ̀, ti rọ àwọn ilé-ẹjọ́ kékeré ní ọdún 1995 pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Privy Council ti fèsì sí irú àtakò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó jẹ́ ìṣẹ̀dá ènìyàn láti di ẹ̀mí rẹ̀ mú pẹ̀lú ohun gbogbo tí òfin bá fún un, bí ìlànà bá sì fàyè sílẹ̀ kí ẹjọ́ máa fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀bi náà wà lọ́rùn ìlànà, kì í ṣe lọ́rùn ẹni tí ó lò ó. Mo fara mọ́ èyí. Ṣùgbọ́n n kò ní fi pamọ́ fún yín pé òfin ọdún márùn-ún ní ẹ̀yìn tí kò dára. Àwọn ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí àkókò má baà kọjá, ní Trinidad ní oṣù keje ọdún 1994, wọ́n yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n kan nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣì wà níwájú àwọn adájọ́. Ní Sìmbábúè, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gba àwíjàre ìdúró fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọdún 1993, kò pé ọdún tí àwọn aṣòfin fi tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe láti sọ pé pípẹ́ kò lè yí ìdájọ́ ikú padà mọ́.

Ní ti ẹ̀yà àti ojúsàájú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ìjákulẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú ẹjọ́ McCleskey ní ọdún 1987, wọ́n gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ẹjọ́ ìpànìyàn tí ó ju 2,000 lọ ní Georgia síwájú ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí náà fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n ti ro àwọn ohun mìíràn mọ́ ọn, ẹni tí ó pa aláwọ̀ funfun wà nínú ewu ìdájọ́ ikú ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ ju ẹni tí ó pa aláwọ̀ dúdú lọ. Adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin: wọ́n ní olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojúsàájú nínú ẹjọ́ tirẹ̀ gan-an. Lewis Powell ni ó kọ ìdájọ́ náà. Nígbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n bi í bóyá ìbò kan wà tí ì bá fẹ́ yí padà, ẹjọ́ yìí ni ó dárúkọ. Wọ́n ti pa McCleskey ní ọdún 1991.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ dúró lé orí pé ẹjọ́ náà dé iwájú adájọ́. Ọ̀pọ̀ kì í dé. Ní Nàìjíríà, òfin ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fún ẹni tí a dá ẹjọ́ ikú fún ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ láìtọrọ àyè: abala 241(1)(e) gbé e dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, abala 233(2)(d) sì gbé e dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun tí kò bá ti wáyé nílé-ẹjọ́ tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí ó tó lè gbé e kalẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996 fún ẹlẹ́wọ̀n ní ọdún kan péré láti gbé irú ìbéèrè yìí lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn tí ẹjọ́ rẹ̀ bá ti parí ní ìpínlẹ̀, agbẹjọ́rò tí ó bá sì ka ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó lè sọ oníbàárà rẹ̀ di òkú.

Ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ yìí gan-an sì ti di ọ̀ràn òfin ìpìlẹ̀ rí, nínú ẹjọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún Nasiru Bello ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nítorí ìdigunjalè. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bí òfin ìpìlẹ̀ ṣe fún un láyè. Kí wọ́n tó gbọ́ ọ, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ náà ti pa á. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní àwọn ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀, kí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ tó dá wọn láre ní ọdún 1986. Àwọn adájọ́ sọ pé ìgbà tí ènìyàn bá ti pe ẹjọ́, ìdájọ́ ikú náà kò tíì tó nǹkan tí a lè mú ṣẹ, pé ìpànìyàn tí òfin kò mọ̀ sí ni ìjọba ṣe, àti pé níbi tí ẹ̀tọ́ bá wà, àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà fún un, bí òfin kankan kò tilẹ̀ dárúkọ àtúnṣe náà. Wọ́n pàṣẹ owó gbà-máà-bínú fún àwọn tí olóògbé ń bọ́. Adájọ́ Aniagolu kò fi ìbínú rẹ̀ pamọ́ nínú èrò tirẹ̀. Ó ní òun kò mọ ìgbà kankan, láti ayé òyìnbó títí di ìgbà náà, tí ìjọba tí ó bófin mu ní orílẹ̀-èdè yìí ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè bóyá Bello digunjalè lóòótọ́ ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò ní dáhùn láéláé.

Ó ku ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé ìṣẹ́gun, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò kì í sábà múra sílẹ̀ fún. Bí ilé-ẹjọ́ bá sọ pé ìdájọ́ ọ̀ranyàn kò bófin mu, kì í ṣe pé ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹlẹ́wọ̀n ṣì jẹ̀bi. Ohun tí ó gbà ni àyè láti padà síwájú adájọ́ kí a tún ìjìyà rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Adájọ́ yóò wá béèrè ohun tí kò sí ẹni tí ó béèrè nígbà àkọ́kọ́: ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí ó ṣẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe tọ́ ọ, ṣé orí rẹ̀ pé, kí ni ó ti ṣe láti ìgbà tí ó ti wà ní àhámọ́? Ní Màláwì, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn ìdájọ́ Kafantayeni kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Fáìlì àwọn kan ti sọnù, kò sí àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ wọn níbì kankan, àwọn agbẹjọ́rò àtàwọn olùrànlọ́wọ́ wọn sì ní láti lọ láti abúlé dé abúlé, kí wọ́n jókòó ti àwọn ìbátan àti àwọn olórí abúlé, kí wọ́n tó lè kọ ìtàn ayé ẹnì kan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi parí, ó ju 100 lọ nínú àwọn tí a ti dá ẹjọ́ ikú fún tí ó padà sílé. Ẹ fojú inú wo iye tí kò bá ti kú sí ẹ̀wọ̀n ká ní agbẹjọ́rò kan ti kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ nígbà tí ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.

Ti Kẹ́ńyà gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ìdájọ́ Muruatetu, ìwé ẹ̀bẹ̀ àtúngbéyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ àwọn ilé-ẹjọ́ láti gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn apànìyàn nìkan, bí kò ṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a dá lẹ́bi ìdigunjalè àti àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí òfin ti pinnu ìjìyà wọn sílẹ̀. Àwọn adájọ́ kan ń gbà wọ́n, àwọn mìíràn ń kọ̀ wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ jáde wá ṣàlàyé pé ìpànìyàn nìkan ni ìdájọ́ òun kàn. Ẹni tí a bá dá ẹjọ́ ikú fún lórí ìdigunjalè, kí ó pe ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹjọ́ gíga, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà dé òkè.